Ẹyin Tí Ẹ Ò Mọ Ìyá Rẹ̀: Ìkìlọ̀ Lórí Káfíà Olówó Pọ́ọ́kú ní Àbíjàn

Ẹyin ẹja tí ẹ bá rà ní Abobo-Doumé, ní ọjà Belleville ní Treichville, tàbí lọ́wọ́ àwọn apẹja tó ń gúnlẹ̀ sí Vridi, iná ni kó kọ́kọ́ kàn án kí ẹnu tó kàn án. Bí ẹ kò bá ní ráyè ka ìyókù ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú èyí lọ sílé.

Mò ń kọ ọ́ nítorí pé òpin ọdún máa ń mú àrà tuntun wọ ilé ìdáná wa. Àwọn ọmọ wa ń wo fóònù, wọ́n ń rí àwọn olówó tí ń fi ṣíbí kékeré bu káfíà sórí búrẹ́dì. Wọ́n sì ń rí àwọn mìíràn tí ń kọ́ni bí a ṣe lè ṣe é nílé: ẹ la ikùn ẹja, ẹ kó ẹyin rẹ̀ jáde, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Ẹyin ẹja carpe kò wọ́n. Ẹyin ẹja machoiron tóbi, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká agolo kékeré kan láti ilẹ̀ òkèèrè lè rò pé òun ti rí ọ̀nà àbùjá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí fún ìyẹn. Oúnjẹ dídùn kì í ṣe ti olówó nìkan, Àbíjàn sì ti fi èyí hàn ṣáájú ìlú púpọ̀. Ẹja tùnà kéékèèké àti èyí tó ti fara pa, tí àwọn iléeṣẹ́ alágolo kò gbà ní èbúté apẹja Treichville, ni àwọn ará ìlú sọ di garba pẹ̀lú attiéké. Orúkọ Dicoh Garba, tó jẹ́ mínísítà ní àwọn ọdún 1970, ni wọ́n sì fi ń pe oúnjẹ náà títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹja garba ń gba inú òróró gbígbóná kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Káfíà gidi, ẹyin ẹja esturgeon ni, ẹja àwọn odò olótùútù àti Òkun Caspian. Kò sí irú rẹ̀ nínú ọ̀sà Ébrié, kò sí nínú odò Bandama, kò sí nínú Comoé. Codex Alimentarius, ìyẹn ìlànà oúnjẹ tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí, fi lélẹ̀ ní 2010 pé ẹyin esturgeon nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ náà, àti pé iyọ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín gíráàmù 3 sí 5 nínú gíráàmù 100. Wọ́n ti pa ẹja yìí ní ìpakúpa tó bẹ́ẹ̀ tí àdéhùn CITES fi ń ṣọ́ òwò gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ láti 1998. Lóde òní, sísìn ni wọ́n ń sin ọ̀pọ̀ jù lọ. Ní Áfíríkà pàápàá, àwọn kan ń sìn ín ní adágún Mantasoa ní Madagascar. Ọdún púpọ̀ ni abo rẹ̀ ń lò kó tó ní ẹyin nínú, ìdí sì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga.

Kí ló dé tí wọ́n fi lè jẹ ẹyin yìí láìsè? Wọ́n mọ ẹja náà, wọ́n mọ omi tó ti jáde, ọwọ́ tó mọ́ ló la ikùn rẹ̀, òtútù sì dì í mú láti inú ikùn ẹja títí dé ẹnu, ní ìwọ̀n 2 sí 4°C. Nígbà tí a bá ń ṣe tiwa nílé, àwọ̀ rẹ̀ àti iyọ̀ rẹ̀ là ń rí fara wé. Òtútù àti ìmọ́tótó, tó ṣe iṣẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í hàn nínú fídíò.

Ẹ wá wo ìrìn tí ẹja tiwa ń rìn. Ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi láti òru, ó gúnlẹ̀ ní àárọ̀, wọ́n gbé e sórí tábìlì nínú oòrùn, wọ́n ń wọ́n omi sí i lára kó lè máa dán. Yìnyín lè wà, ó sì lè ti yọ́ tán. Inú ẹja ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìfun gan-an sì ni ẹyin wà. Nígbà tí oníṣòwò bá fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀, òróòro àti ohun inú ìfun á da lu ẹyin náà. Ọ̀bẹ kan náà ló ti fi la ogún ẹja mìíràn, omi inú báàfù kan náà ló fi ń ṣàn án. Mi ò sọ èyí láti ba òwò àwọn ìyá wa jẹ́. Ẹja tí wọ́n ń tà dára fún ọbẹ̀ àti fún díndín. Kò dára fún jíjẹ ní tútù, àwọn fúnra wọn kò sì pè é bẹ́ẹ̀.

Omi tí ẹja ti jáde tún wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbé Àbíjàn mọ ohun tí ìdọ̀tí ìlú ń dà sínú ọ̀sà Ébrié. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba kéde pé kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Vridi Akobrakré, abúlé etí omi ní Port-Bouët. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa kọ́lẹ́rà, inú omi tí iyọ̀ òkun bá pàdé omi odò ló fẹ́ràn láti máa gbé, irú omi tó yí wa ká yìí gan-an. Iyọ̀ díẹ̀ tí ẹ bá bù sórí ẹyin ẹja kò ní pa á, nítorí pé inú omi oníyọ̀ ni wọ́n bí i sí. Àwọn ẹbí rẹ̀ kan tilẹ̀ wà tí kò lè gbèrú bí kò bá sí iyọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà kò pa gbogbo rẹ̀, bó ti wù kó kan tó. Ṣùgbọ́n bí ẹyin náà bá gbóná dénú, tó kọjá 70°C, wọ́n á kú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àsè àti àìsè nìyẹn, kò sì sí ohun tí a lè fi dí i.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn máa ń fi sínú firísà. Dídì ní -20°C fún ọjọ́ méje ń pa aràn inú ẹja, ìyẹn wúlò. Kòkòrò àìfojúrí ní tirẹ̀, sísùn ló ń sùn nínú yìnyín, á sì jí nígbà tó bá yọ́. Firísà ilé wa pàápàá, tí àwọn ọmọ ń ṣí pa láti mú omi tútù, kì í sábà dé -20°C.

Ó wá ku ohun tí iná kò lè tún ṣe, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí.

Ẹja kan wà nínú òkun wa tí, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á gbé omi tàbí afẹ́fẹ́ mì, á wú rọ̀gọ̀dọ̀. Ara rẹ̀ ki, eyín rẹ̀ ṣù pọ̀ bí ẹnu ẹyẹ. Faransé ń pè é ní poisson-globe. Àwọn ará Jàpáánù ń pè é ní fugu, ẹni tí kò bá sì gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sè é fún oníbàárà. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n tà á rárá. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀ ni májèlé pọ̀ sí jù. Sísè kò pa májèlé náà, díndín kò pa á, iyọ̀ kò pa á, títí di òní kò sì sí aporó rẹ̀. Ètè àti ahọ́n ẹni tó bá jẹ ẹ́ á kọ́kọ́ kú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà mímí á di ìṣòro, ojú rẹ̀ á sì là sílẹ̀ tí yóò máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó lè pẹ́ tó wákàtí mélòó kan.

Kò sí ìyá kan tó máa ra ẹja náà ní odidi láìmọ̀ pé nǹkan kan yàtọ̀ lára rẹ̀. Ewu ibẹ̀ wà nínú ẹyin tí wọ́n ti yọ, tí wọ́n kó sínú ọ̀rá, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Nínú ọ̀rá, ẹyin ń jọ ẹyin. Nítorí náà, ẹyin tí ẹ ò mọ ìyá rẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ ra ẹja ní odidi, ẹja tí ẹ mọ̀, kí wọ́n là á lójú yín, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹyin náà ṣì wà nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀, tó le díẹ̀ lọ́wọ́, tí kò yọ̀, tí kò rùn. Èyí tó bá ti fọ́, tó ń ṣomi, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ohun kejì tí iná kò tún ṣe wà nínú tùnà àti àwọn ẹja tó bá a tan, àti nínú ẹyin wọn. Bí oòrùn bá pa wọ́n fún wákàtí díẹ̀ láìsí yìnyín, ohun kan tó ń jẹ́ histamine á kó jọ sínú wọn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, orí á fọ́ ọ, ara á máa yún un, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, nígbà mìíràn kó tó dìde nídìí oúnjẹ. Bí ẹ dín in dúdú, ó wà níbẹ̀. Òórùn kì í fìgbà gbogbo tú u fó. Yìnyín láti ìgbà tí ẹja ti jáde nínú omi nìkan ló ń dènà rẹ̀. Ẹni tó ń ta tùnà láìsí yìnyín lọ́sàn-án, ẹ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà nínú ìgò. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń gbani nímọ̀ràn pé kí á bu iyọ̀ sí ẹyin ẹja, kí á da òróró bò ó, kí á dé ìgò náà pinpin, kí á gbé e sórí pẹpẹ. Ẹ má dán an wò. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, kòkòrò kan wà tó ń ṣe májèlé botulism, èyí tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, tí ó ń dá iṣan ara dúró. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Alaska àti Kánádà, tí wọ́n mọ ẹyin ẹja ju wa lọ, ti pàdánù èèyàn sọ́wọ́ rẹ̀ nídìí ẹyin salmon tí wọ́n gbé pamọ́ kó lè kan.

Báwo wá la ṣe lè gbádùn rẹ̀? Ó rọrùn, ó sì dùn. Ẹ mú ẹyin carpe tàbí machoiron tí wọ́n là lójú yín, ẹ gbé e lé yìnyín dé ilé. Ẹ fi omi tó mọ́ tí ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí ṣàn án, ẹ rọra bó awọ rẹ̀, ẹ yọ gbogbo okùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé omi kaná, ẹ fi ewé efinrin tàbí àlùbọ́sà díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ da ẹyin náà sínú omi tó ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó ń tàn yanran tẹ́lẹ̀ á ṣú, á le, á sì pínyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ ọ̀kan láàárín ìka: bí inú rẹ̀ bá ṣì ń ṣomi, kò tí ì jinná. Bó bá jinná, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ lé orí yìnyín kó tutù kíákíá, ẹ wá fi ọsàn wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ata tútù díẹ̀ àti òróró ṣíbí kan pò ó. Lórí búrẹ́dì tí ẹ yan, lórí attiéké, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlòkò, mi ò mọ ohun tó lè borí rẹ̀ ní òpin ọdún. Ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Ní ojú ọjọ́ wa, wákàtí kan lórí tábìlì tó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, firíìjì.

Bó bá jẹ́ iyọ̀ àti ìtọ́wò líle lẹ ń wá, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní tirẹ̀. Àwọn obìnrin Imraguen ní etíkun Mauritania, ní agbègbè Banc d'Arguin, ti ń mú odidi àpò ẹyin ẹja mulet, wọ́n ń fi iyọ̀ pa á, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń sá a títí á fi le. Poutargue ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń ṣe é ní Senegal náà. Ẹ fi ọ̀bẹ fá díẹ̀ lé oúnjẹ gbígbóná, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe sá tiyín sí balùkóònù ní Koumassi. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ tó gbẹ táútáú ló ń bá àwọn Imraguen ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ Àbíjàn kún fún ọ̀rinrin, kí ẹyin tó gbẹ ni yóò ti bu.

Ní ti àwọn ìgò kéékèèké dúdú àti pupa inú súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ara wọn. Èyí tí wọ́n kọ «œufs de lompe» sí, ẹyin ẹja òkun tútù Iceland àti àwọn àdúgbò rẹ̀ ni, aró oúnjẹ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ di dúdú tàbí pupa. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ìgò rẹ̀ bá ti wà nínú òtútù tí wọ́n kọ sí i lára, tí ọjọ́ rẹ̀ kò kọjá, tí ìdérí rẹ̀ kò wú. «Œufs de truite» àti «œufs de saumon» wọ́n jù ú lọ, wọ́n sì tún gba ìtọ́jú jù. Tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ rántí ọdún 2021, nígbà tí iná ń lọ ní wákàtí wákàtí jákèjádò ìlú láti oṣù karùn-ún: bí iná bá lọ ju wákàtí mẹ́rin lọ, ohun bẹ́ẹ̀ nínú firíìjì ti di àdàánù. Ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́.

Agolo káfíà gidi tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó lórí WhatsApp, tí wọ́n ní ẹnì kan gbé e dé láti Paris tàbí Dubai, ẹ jìnnà sí i. Agolo tòótọ́ máa ń ní àmì CITES tí kò ṣeé lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: àmì ẹ̀yà ẹja, lẹ́tà C fún èyí tí wọ́n sìn tàbí W fún èyí tí wọ́n pa nínú odò, àmì orílẹ̀-èdè, àti ọdún. Gíráàmù 125 ni àdéhùn CITES gbà kí arìnrìn-àjò kan gbé fún ara rẹ̀. Ní 2023, àwọn onímọ̀ yẹ káfíà àti ẹran esturgeon 149 wò láti Bulgaria, Romania, Serbia àti Ukraine, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdajì ló lòdì sófin tàbí kó jẹ́ ẹ̀tàn. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ létí odò tí ẹja náà ń gbé, ta ni yóò fi ọkàn balẹ̀ lórí agolo tó gba inú àpótí aṣọ rìn dé Adjamé?

Àwọn kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n yẹra fún ẹyin ẹja pátápátá bí kò bá jẹ́ pé ó ti jinná: aláboyún, ọmọdé, àgbàlagbà, àti ẹni tí àìsàn ti mú ara rẹ̀ rọ. Kòkòrò listeria ń dàgbà nínú firíìjì láìbẹ̀rù òtútù, ó sì ń ba oyún jẹ́. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ ni kí ẹ wò. Gíráàmù 5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó pọ̀ jù lóòjọ́ fún àgbàlagbà, oúnjẹ wa tó kún fún kúùbù Maggi sì ti gba ibi tó pọ̀ nínú rẹ̀ kí ẹyin ẹja tó dé.

Ẹni tí kò fẹ́ ẹyin rárá ní «caviar d'aubergine». Ẹ sun aubergine lórí èédú títí awọ rẹ̀ á fi jóná, ẹ họ inú rẹ̀, ẹ fi aáyù, ọsàn àti òróró gún un. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan ní ọjà èyíkéyìí, kò sì ní ẹja tí à ń bẹ̀rù. Ìkìlọ̀ ìgò àti òróró kan òun náà: inú firíìjì ni kó wà, ọjọ́ mélòó kan péré.

Bí ètè ẹnì kan bá kú lẹ́yìn tó jẹ ẹyin ẹja, bí kò bá lè mí dáadáa, bí ojú rẹ̀ bá ń rí méjì méjì, ẹ pe SAMU lórí 185 tàbí àwọn panápaná lórí 180, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn CHU tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní wàrà, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè bì. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti ń kú, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni gbogbo ìyẹn máa gbà lọ. Ẹ sọ irú ẹja tó jẹ fún dókítà, ibi tí ẹ ti rà á àti aago tó jẹ ẹ́, kí ẹ sì gbé ìyókù oúnjẹ náà dání sínú ọ̀rá.